Ìjókòó Gbígbóná Nínú Mọ́tò, Nítorí Ẹ̀yìn Màámi

Nígbà tí Màámi dé láti Kánádà, lẹ́yìn tó lọ bá ìyàwó àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun, gbogbo ará ilé ló ń bi í nípa yìnyín, nípa ọkọ̀ òfúrufú, nípa ẹni tí ọmọ náà jọ. Ó ń dá wọn lóhùn. Àmọ́ ohun tó máa ń fúnra ẹ̀ mú wá sọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í, ni ìjókòó mọ́tò àbúrò mi. "Àkàndé, ìjókòó yẹn máa ń gbóná o. Èèyàn á jókòó, kò ní pẹ́, ooru á rọra máa ti ìdí gun ẹ̀yìn èèyàn bọ̀. Ibi tó ń ro mí gan-an ló máa ń lọ." Ó sì máa fọwọ́ kan ìbàdí ẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó tó yé mi pé nǹkan ló ń tọrọ, tí kò fẹ́ là á mọ́lẹ̀.

Màámi fi ohun tó lé ní ogójì ọdún yan ẹja ní Ìjẹ̀dẹ̀, létí ọ̀sà ní agbègbè Ìkòròdú, l'Ékòó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹja yíyan á mọ ohun tí mò ń wí, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ mọ́ ààrò, á fẹ́ná, á yí ẹja, á gbé agbọ̀n, á tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ò ní sinmi láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọjọ́ kejì á sì tún ru ú lọ sọ́jà. Ìbàdí yẹn ti ń ro ó kí n tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ń fi àgbo bò ó mọ́lẹ̀, ó ń fi aporó bò ó mọ́lẹ̀, ìgbà tó wá di pé nǹkan ń ta láti ìbàdí bọ̀ sí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ bíi pé iná já gbà á la tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. Ojú títì Ìkòròdú gan-an ni ọsibítù yẹn wà, títì kan náà tó mú wa kúrò ní Ìkòròdú ló mú wa dé ẹnu géètì ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọ̀nà yẹn mọ bó ṣe máa ń gùn tó tí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá èèyàn ní Mile 12.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aago mẹ́rin ààbọ̀ la máa ń kúrò nílé nígbàkigbà tí wọ́n bá dá ọjọ́ fún un. Tó bá wá bọ́ sí àsìkò ọyẹ́, láàárín December sí January, òtútù ìdájí etí ọ̀sà yẹn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn fún àgbàlagbà. Ẹni tó ń gbé ìlú yìnyín lè ní kí ni mò ń sọ, torí kódà tí ọyẹ́ bá mú, ìdájí Èkó ṣì máa ń wà ní bíi 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ara tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ò mọ nọ́ńbà. Ohun tó mọ̀ ni pé ìjókòó mọ́tò tó sùn síta mọ́jú tutù bí àpáta, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì gan bó bá ṣe fara kàn án. A máa ń dé Ògólóńtò kó tó lè fẹ̀yìn tì. Tá a bá wá dé Ìgbóbì, mà á ṣílẹ̀kùn, kò ní lè sọ̀kalẹ̀, á ní "jẹ́ kí n kó ara jọ ná", á wá máa fọwọ́ méjèèjì ra orúnkún. Mo ti dúró ti ilẹ̀kùn yẹn rí tí àwọn mọ́tò ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, tí ojú ń ti Màámi, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máà bínú. Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló dùn mí jù.

Ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ní, "Ooru wo lo tún ń wá ní Ìkòròdú?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán tó ń mú kéèyàn làágùn yàtọ̀ pátápátá sí ooru tó ń wọnú eegun. Ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú wa? Tí orúnkún bá ń ro ìyá àgbà, ṣebí omi gbígbóná la fi ń jó o, bó jẹ́ oṣù kẹta tí oòrùn ń mú ganrínganrín, aṣọ la máa tì bọ omi gbígbóná. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìyá àgbà ń ṣe fàájì. Mi ò rí ìdí tí ti inú mọ́tò fi máa yàtọ̀.

Camry 2007 ni mọ́tò mi, èyí tí wọ́n ń pè ní Muscle, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà, aṣọ ni ìjókòó ẹ̀, kò bá ẹ̀rọ ooru wá. Àbúrò mi ló sọ fún mi pé wọ́n ń ta á lọ́tọ̀, pé èèyàn lè fi sínú mọ́tò tí kò ní, ó rà á, ó fi rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé. Nǹkan inú páálí ẹ̀ ò pọ̀. Pádì mẹ́rin tó fẹ́lẹ́, méjì fún ìjókòó kan, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, wáyà, rílée (relay), ìyẹn ohun tó ń gbé iná ńlá nígbà tí súwíìshì bá ránṣẹ́ sí i, ilé fúùsì, àti súwíìshì tó ní ooru púpọ̀ àti ooru díẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni tèmi, àwọn fọ́nrán dúdú tó tò tẹ̀lé ara wọn bí òwú orí òfì. Irú tó lo wáyà irin wà, òun náà ń gbóná, ṣùgbọ́n wáyà kan ṣoṣo ló ń pààrà pádì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó bá já níbì kan, gbogbo ẹ̀ parí nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé tí fọ́nrán kábọ́ọ̀nù kan bá já, àwọn yòókù á ṣì máa ṣiṣẹ́.

Nǹkan yìí ti pẹ́ láyé ju bí mo ṣe rò lọ. Ọdún 1951 ni Robert Ballard, tó ń bá General Motors ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ lórí ìjókòó tó ń gbóná, ọdún 1955 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún un, tó fi di 1966 kí Cadillac tó fi sínú mọ́tò fún ẹni tó bá fẹ́ san owó sí i. Saab ti ilẹ̀ Sweden ló wá ń fi sínú mọ́tò gbogbo èèyàn láti 1972 láìgba àfikún owó, ìjókòó awakọ̀ nìkan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún Màámi pé nǹkan yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ní "ṣé ẹ wá rí i, a ò bá ti pàdé tipẹ́."

Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú. Ojúgun Màámi ní àmì kan, láti orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, ó rí bí ojú àwọ̀n tí àwọn apẹja fi ń pẹja. A ti mọ́ ọn sí i lára láti kékeré, a rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Iná ààrò ló fà á. Ooru tí kò tó èyí tó ń jó èèyàn, tó bá ń wà lára awọ lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, á tẹ àmì sí i, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì ti rí irú àmì yẹn lẹ́yìn itan àwọn tó ń lo ìjókòó gbígbóná láìsinmi. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ti ẹni tí ara ẹ̀ ò mọ ooru mọ́. Ìtọ̀ ṣúgà lè pa iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára, ẹ̀yìn tó ti ní ìpalára náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, onítọ̀hún á jókòó, á máa jóná díẹ̀díẹ̀, kò ní mọ̀. Lọ́dún 2011, àwọn dókítà àtàwọn tó ń jà fún ààbò ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, pé kí wọ́n fi òfin de bí ìjókòó ṣe lè gbóná tó, torí àwọn kan ti jóná gan-an.

Torí náà ìgbà tá a tún lọ sí Ìgbóbì, mo bi ẹni tó máa ń bá a ṣe eré ìdárayá ẹ̀yìn. Ó fi ohun ṣóńṣó kan tọ́ ọ lẹ́sẹ̀, tọ́ ọ ní itan, ó ní kó dijú kó máa sọ ibi tóun ń fọwọ́ kàn. Gbogbo ẹ̀ ni Màámi mọ̀. Ó ní ara ẹ̀ gbọ́ ooru dáadáa, ká lò ó, ṣùgbọ́n ká máa lo èyí tó kéré, kó má kọjá ogún ìṣẹ́jú ká tó pa á. Mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é fún òbí yín, ẹ kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, tí ara wọn ò bá gbọ́ ooru, ẹ má ṣe é rárá.

Sátidé kan la ṣe é, lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ran ìjókòó mọ́tò nítòsí Sábó. Ọmọdé ni, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Bólútù mẹ́rin ló de ìjókòó mọ́lẹ̀, sípánà 14, ó sì ti fẹ́ gbé e kúrò nílẹ̀ kí n tó pariwo. Lábẹ́ ìjókòó yẹn àwọn wáyà wà tí orí wọn yẹ́lò, ti ẹ́ábáàgì ni, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde gba èèyàn tí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ẹ́ábáàgì ẹ̀gbẹ́ wà nínú ẹ̀yìn ìjókòó Camry yẹn, kì í ṣe ohun téèyàn ń fà yọ nígbà tí iná wà lára mọ́tò. A tú orí bátìrì ẹ̀gbẹ́ nẹ́gátífù, a dúró. Ìwé Toyota ní ó kéré tán kéèyàn dúró fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, torí iná ṣì máa ń kù sínú àpótí ẹ́ábáàgì fún ìgbà díẹ̀. A lọ mu omi, a padà wá, a tó fà á.

Bó ṣe ń tú aṣọ ìjókòó yẹn, ńṣe ni mo dúró ti i tí mò ń wò ó. Òrùka irin kéékèèké ló so aṣọ mọ́ fóòmù, wọ́n tò sínú kòtò tóóró tó wà lójú fóòmù, ó ń fi pláyà gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú ìdérí korobá, ó sì ń kà wọ́n. Mo ní kí ló ń kà sí. Ó ní iye tóun bá yọ lòun gbọ́dọ̀ dá padà, tí ọ̀kan bá dín, aṣọ á wú níbẹ̀, tí ẹni tó jókòó bá ń yíra, aṣọ á máa fa pádì. Fóòmù yẹn ti pọ́n, ó gba eruku ilẹ̀ méjì sínú, ti Amẹ́ríkà àti tiwa. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n mọ́ kó tó ṣí ẹ̀yìn pádì tó ní gọ́ọ̀mù, ó tẹ́ ẹ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń tẹ́ ẹní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má ṣẹ́ po níbì kankan. Ibi tó bá ṣẹ́ po, ibẹ̀ ni ooru máa kóra jọ sí. A jẹ́ kí pádì ẹ̀yìn mọ sí àárín, kò dé ẹ̀gbẹ́ tí ẹ́ábáàgì á gbà jáde, kò sì tú òwú tí wọ́n fi rán ẹ̀gbẹ́ yẹn, torí òwú yẹn ni ẹ́ábáàgì máa já lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá fi òwú líle mìíràn rán an, kò ní lè já a. Ohun tó ń mọ̀ bóyá èèyàn jókòó lórí ìjókòó èrò, a ò fọwọ́ kàn án. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi ṣe ìjókòó méjèèjì iwájú, a tan mọ́tò, iná ẹ́ábáàgì tàn díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó kú. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ríwáyà, ẹni tó ń ṣe iná mọ́tò, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iná ẹ̀ ná. Ìjókòó kan ń jẹ bíi ámúpíà (ampere) mẹ́rin tó bá wà ní ooru púpọ̀, ìyẹn bí iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Ẹ fi agbára bátìrì, fóòtì (volt) 12, sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ wátì 48, kò tó gílóòbù pupa 60 tí gbogbo wa ń lò láyé àtijọ́. Ìjókòó méjì, ámúpíà mẹ́jọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun téèyàn ń so mọ́ wáyàkáwáyà. Ríwáyà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá wo páálí mi, ó gbé rílée sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ìyẹn ò pọn dandan, ó gé wáyà ibi tí a ń ki ṣájà fóònù sí, ó so gbogbo ẹ̀ mọ́ ọn, ó fi téèpù dúdú wé e. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ooru dé. Mo sanwó, mo bá tèmi lọ, inú mi ò sì dùn sí i, mi ò kàn fẹ́ kọ́ ọlọ́jà ní ọjà tà.

Ọjọ́ kẹta, èmi àti Màámi ń lọ, táyà ẹ̀yìn kan rọ̀ ní ọ̀nà Agric. Mo páàkì, mo ki pọ́ọ̀ǹpù kékeré tí mo fi ń fẹ́ táyà sí ojú ibi ṣájà yẹn, ìjókòó méjèèjì ṣì ń gbóná, mi ò rántí pa wọ́n. Fúùsì 15 ló wà níbẹ̀, èyí tó máa já tí iná bá ju ámúpíà 15 lọ. Ámúpíà mẹ́jọ ti wà lórí ẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù tún fẹ́ jẹ bíi mẹ́wàá. Ó já. Pọ́ọ̀ǹpù dákẹ́, ìjókòó tutù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe ríwáyà lẹ́bàá ọ̀nà sáré wá ràn wá lọ́wọ́, inú rere ló fi wá, mo mọ̀, ó yọ fúùsì yẹn, ó bó wáyà, ó mú fọ́nrán kọ́pà díẹ̀, ó fẹ́ wé e mọ́ ẹsẹ̀ fúùsì. "Kò ní já mọ́ láéláé, ọ̀gá."

Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo dúpẹ́, mo fún un lówó, mo ní kó fi sílẹ̀. Torí òótọ́ ni, kò ní já mọ́. Kí fúùsì já ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀ fún. Tí fúùsì ò bá já, wáyà ló máa gbóná, ike ara ẹ̀ á yọ́, lábẹ́ káfẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i, lábẹ́ ìyá mi. Mo ti rí mọ́tò tó jóná ní etí títì yẹn rí, gbogbo wa la ti rí i, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni epo ń fà. Ẹ̀yin ará, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wáyà dípò fúùsì nínú mọ́tò yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ 15 kí wọ́n fi 30 síbẹ̀.

Bàbá kan ní Ìtámágà ló wá tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Bàbá yìí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú téèpù dúdú yẹn, ó mi orí, ó dá wáyà ibi ṣájà padà sí bó ṣe wà. Ó fa wáyà tuntun láti orí bátìrì, kò sì tíì fà á jìnnà tó fi ti fi fúùsì 10 sí i. Mo ní Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi súnmọ́ bátìrì tó bẹ́ẹ̀? Ó ní wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fúùsì ò ní olùgbèjà, tó bá ya, tó kan irin mọ́tò, kò sóhun tó máa dá iná dúró, nítorí náà kó kúrú. Ó gba inú rọ́bà tó wà lára irin tó pín ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kí etí irin má baà gé wáyà, ó gbé rílée síbi tó yẹ, ó so wáyà tó ń pe rílée mọ́ èyí tí iná máa ń dé nígbà téèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́. Téèyàn bá ti yọ kọ́kọ́rọ́, rílée á sùn, ìjókòó ò lè jẹ bátìrì mọ́jú. Súwíìshì fúnra ẹ̀ kì í gbé iná ńlá yẹn, ó kàn ń ránṣẹ́ pe rílée ni, rílée ló ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni súwíìshì ò fi ní yọ́. Wákàtí mẹ́ta ló fi ṣe é. Owó ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, mo san án tayọ̀tayọ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti Màámi fà mọ́ra wa lọ́wọ́ ni tìmùtìmù. Ó ní tìmùtìmù kan tó ti ń jókòó lé láti ìgbà tó ti ń tajà, ó fẹ́ gbé e lé ìjókòó náà. Mo ní Màámi, ooru ò ní ríbi jáde, á máa kóra jọ sábẹ́ ẹ̀. Kò dùn mọ́ ọn. Mo tún ní kó má máa fi orúnkún gun ìjókòó tó bá ń wá nǹkan lẹ́yìn mọ́tò, torí ibi kan ṣoṣo ni gbogbo ìwúwo èèyàn máa ń wà, ó lè gé fọ́nrán inú ẹ̀. Èyí ó gbà kíá. Tìmùtìmù wà lórí itan ẹ̀ báyìí, tó bá jókòó, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e.

Ọjọ́ tá a tún lọ, ọyẹ́ ti mú, Ìjẹ̀dẹ̀ funfun, a ò rí ọ̀sà láti ẹnu ọ̀nà. Mo tan ẹ́ńjìnì, mo tan ìjókòó ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jáde. Ó jókòó. Ó dákẹ́. A kọjá Ògólóńtò, kò sọ nǹkan kan, mo yíjú wò ó, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti dijú, ẹnu ẹ̀ ṣí díẹ̀. Mo pa á nígbà tó pé ogún ìṣẹ́jú, mo tún tàn án nígbà tá a dé Kétu. Látọjọ́ tí mo ti ń gbé Màámi gba ọ̀nà yìí, mi ò tíì rí i kó sùn rí.

Ìgbà tá a dé Ìgbóbì, mo ṣílẹ̀kùn, mo na ọ̀pá ẹ̀ sí i, mo sì ti múra láti dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e, ó fọwọ́ di orí ilẹ̀kùn mú, ó dìde. Ó ní kí n pa iná ìjókòó, mo ní mo ti pa á, Màámi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ wọnú mọ́tò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú ìjókòó, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ààrò lálẹ́ ká tó lọ sùn, láti mọ̀ bóyá iná ti kú.

"Ó ti ń tutù," ló wí, ó sì gba ọ̀pá ẹ̀ lọ́wọ́ mi.